Iṣu Òdòdó-Oòrùn: Orúkọ Rẹ̀, Sísè Rẹ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Lo Àpọ̀jù Rẹ̀

Ìfáàrà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun àjèjì gẹ́gẹ́ bí ó ti kan òbí. Bí olùtumọ̀ kò bá mọ ohun tí nǹkan jẹ́, tí kò sì mọ ìṣesí rẹ̀ nínú ìkòkò àti nínú ikùn, orúkọ tí ó bá fún un lè ṣi ẹni tí yóò lò ó lọ́nà. Irúgbìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Jerusalem artichoke, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Helianthus tuberosus, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí ó jẹ́, bí àwọn tí ń gbìn ín ṣe ń sè é nígbà tí ó bá pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, àti ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí èdè Yorùbá fi pè é.

1. Ohun tí ó jẹ́

Àríwá Amẹ́ríkà ni orírun irúgbìn yìí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbìn ín kí àwọn ará Yúróòpù tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹbí kan náà ni òun àti òdòdó-oòrùn tí wọ́n ń fún òróró láti inú èso rẹ̀. Igi rẹ̀ lè ga tó mítà mẹ́ta, òdòdó rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú. Abẹ́ ilẹ̀ ni ohun jíjẹ rẹ̀ wà: iṣu kéékèèké tí ó rí kókókókó bí atalẹ̀, tí awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Iṣu yìí kan náà ni wọ́n ń gbìn, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ Yorùbá ṣe ń gbin ẹ̀bù.

Bíbí rẹ̀ pọ̀ gidigidi. Ní ọdún 1617, John Goodyer, onímọ̀ ewéko kan ní Hampshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba méjì péré, tí kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ. Ó gbin ọ̀kan, ó sì fi èkejì ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ẹyọ kan tí ó gbìn so tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rí èyí tí ó pín káàkiri agbègbè rẹ̀. Èyíkéyìí tí ó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ ni yóò tún hù ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e; nítorí náà, ẹni tí ó bá gbìn ín lẹ́ẹ̀kan kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1621, Goodyer yìí kan náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ó ti wù kí wọ́n sè é, ó ń kó afẹ́fẹ́ síni nínú, ó sì ń fa inú rírun.

2. Àwọn orúkọ tí ó ṣini lọ́nà

Ní ọdún 1605, Samuel de Champlain, arìnrìn-àjò ará Faransé, rí i ní Cape Cod ní etíkun Amẹ́ríkà. Ó ní adùn rẹ̀ jọ ti átíṣókì, ohun ọ̀gbìn ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó jẹ́ pé òdòdó rẹ̀ tí kò tíì là ni wọ́n ń jẹ. Adùn nìkan ni ó so méjèèjì pọ̀ lẹ́nu Champlain, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ní ti Jerusalem, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àpètì ni, pé girasole, orúkọ òdòdó-oòrùn ní èdè Ítálì, ni ó yí padà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn alásè wọn gba àpètì náà gbọ́, wọ́n sì sọ ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi í sè ní ọbẹ̀ Palestine. Àwọn Faransé ní tiwọn pè é ní topinambour, láti ara orúkọ Tupinambá, ẹ̀yà kan ní Bràsíìlì tí wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn wá sí Faransé ní ọdún 1613. Kì í ṣe Bràsíìlì ni irúgbìn náà ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Jerúsálẹ́mù.

3. Kì í ṣe sítáàṣì

Nínú iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀dùnkún àti ànàmọ́ òyìnbó, sítáàṣì ni irúgbìn fi ń tọ́jú oúnjẹ pa mọ́. Sítáàṣì dà bí ẹ̀wọ̀n gígùn tí oríkèé rẹ̀ jẹ́ gúlúkóòsì, oje tí ń da oúnjẹ ní ẹnu àti ìfun ènìyàn sì lè já a. Ínúlíìnì ni Helianthus tuberosus ń lò ní tirẹ̀. Valentin Rose, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde, láti ara gbòǹgbò Inula helenium, ní ọdún 1804. Ara orúkọ ewéko náà ni wọ́n sì ti mú orúkọ ínúlíìnì. Ṣúgà inú èso ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Oje ìfun ènìyàn kò lè já ẹ̀wọ̀n yìí. Ó ń lọ tààrà sí ìfun ńlá, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni inú wíwú àti ìsó ti ń wá.

Kò ṣòro láti fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́. Bí olùkọ́ bá kán áyódíìnì sórí iṣu gígé, ojú ibẹ̀ yóò dúdú bí aró. Bí ó bá kán an sórí irúgbìn yìí, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé rẹ̀ pe nǹkan yìí ní irú ọ̀dùnkún kan yóò rò pé áyódíìnì ni ó bàjẹ́.

4. Sísè àti lílo àpọ̀jù

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ológbà má wú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò dà bí iṣu tí ó lè pẹ́ nínú àká: bí ó bá kúrò nínú ilẹ̀, omi ara rẹ̀ yóò tètè gbẹ, yóò sì hunjọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á sì máa wú ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ sè. Òtútù ń mú kí apá kan nínú ínúlíìnì já sí wẹ́wẹ́, kí ó sì túbọ̀ dùn.

Fífọ̀ dáadáa tó. Kò pọn dandan kí wọ́n bó o. Bí wọ́n bá gé e, ojú ibẹ̀ a máa dúdú, nítorí náà inú omi tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ni wọ́n ń kó o sí. Bí wọ́n bá bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, tí wọ́n sì da omi náà nù, díẹ̀ nínú ínúlíìnì yóò bá omi lọ. Ọbẹ̀ ni ó ń gba púpọ̀ jù: wọ́n á din àlùbọ́sà nínú bọ́tà, wọ́n á da á mọ́ omi ẹran, yóò jinná títí yóò fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì bu mílíìkì sí i. Wọ́n tún máa ń fi òróró àti iyọ̀ pa á lára, kí wọ́n tó yan án nínú àdìrò onílẹ̀kùn.

Ọ̀nà tí ó dára jù fún ikùn ni ìjẹ́jẹ́. Bí ó bá wà nínú ooru tí kò pọ̀, bí ìwọ̀n 93 ti Celsius, fún wákàtí 12 sí 24, ọ̀pọ̀ ínúlíìnì yóò di ṣúgà inú èso. Iṣu náà yóò rọ̀, yóò pọ́n, yóò sì dùn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: wọ́n ń bo camas, ohun ọ̀gbìn mìíràn tí ó ní ínúlíìnì, mọ́ inú kòtò gbígbóná fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù kì í ṣòfò. Ní South Carolina, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú fínígà pẹ̀lú ṣúgà àti músítádì, kí ó lè pẹ́ nínú ìgò. Ní Baden ní Jámánì, wọ́n ń fi pọn ọtí líle. Ẹlẹ́dẹ̀ sì lè fúnra rẹ̀ hú u jẹ. Ṣùgbọ́n jíjẹ ẹ́ lójoojúmọ́ kò yẹni: nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jámánì ń kó ànàmọ́ òyìnbó Faransé lọ, irúgbìn yìí ni ó kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti jẹ, ìran náà sì kórìíra rẹ̀ títí ọjọ́ pípẹ́.

5. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ

Bí olùtumọ̀ bá pè é ní átíṣókì Jerúsálẹ́mù, àṣìṣe méjì ni ó yá wọnú èdè Yorùbá. Bí ó bá pè é ní ànàmọ́, ó ti sọ pé sítáàṣì ni. Iṣu òdòdó-oòrùn ni ó bá a mu: ó sọ ẹbí rẹ̀, ó sì sọ apá tí wọ́n ń jẹ. Ẹnìkan lè wí pé iṣu pẹ̀lú ní sítáàṣì. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣu ẹ̀gẹ́ àti iṣu kókò kì í ṣe àjèjì lẹ́nu Yorùbá, ìrísí abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ń tọ́ka sí nínú wọn. Ínúlíìnì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyálò, kí ẹnikẹ́ni má baà dà á pọ̀ mọ́ sítáàṣì tàbí ṣúgà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti kọ́kọ́ jẹ jáde nínú ìwé ìdáná, ó yẹ kí gbólóhùn kan tẹ̀ lé e: pé kò ṣeé gún bí iyán, àti pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí fi bẹ̀rẹ̀.