Ọyẹ́ Jos Kò Mọ Àlejò

Orí òkè tí ó ga tó 1,200 mítà ni ìlú Jos wà; nítorí náà, ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀ mọ èyí, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí tí ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn a máa gbàgbé. Bí wọ́n bá jáde lọ ra tòmátì ní Farin Gada lówùúrọ̀ oṣù Kejìlá, ṣe ni ọmọ yóò máa gbọ̀n.

Ìyá tí ó mọ súwẹ́tà hun yóò wá òwú kiri. Kí ó ra èyí tí yóò tó o lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì rí i pé nọ́ńbà aró kan náà ni ó wà lára bébà gbogbo wọn. Àwọn aláró wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé ìkòkò aró méjì kì í mú bákan náà. Ẹni tí ó bá ní òun yóò ra ìyókù nílé, àfàìmọ̀ kí àwọ̀ apá súwẹ́tà má yàtọ̀ sí ti àyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí àlejò, ẹ tètè ránṣẹ́ sí wọn: kí wọ́n gbé òwú àti abẹ́rẹ́ dání.