Ata Rodo Mẹ́ta àti Ègé Iṣu Kan

Orí igi kan náà la ti já ata rodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ọ̀kan tutù yọ̀yọ̀, ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí àwọ̀, ìkẹta ti pọ́n fòò. Ẹ tẹjú mọ́ ìkejì, níbi tí àwọ̀ ewé àti pupa ti pàdé: iṣẹ́ ńlá ló ń lọ níbẹ̀.

Inú sẹ́ẹ̀lì ata ni àwọn ẹ̀yà tíntìntín tí à ń pè ní plastid wà. Nígbà tí ata ṣì tutù, chloroplast ni wọ́n. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ se oúnjẹ. Bí ata bá ń pọ́n, wọn kì í kú. Àwọn fúnra wọn ló ń tú àwọ̀ ewé ara wọn palẹ̀, tí wọ́n ń kó èròjà pupa jọ, tí wọ́n sì ń di chromoplast. Pupa tí a ń wá kiri ọjà yìí, ẹyẹ ni ata kọ́kọ́ ń pọ́n fún, kí ó lè jẹ ẹ́, kí ó sì gbé kóró rẹ̀ lọ jìnnà.

Ní 1883, Andreas Schimper, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, kọ̀wé pé plastid kì í ṣàdédé hù: èyí tó ti wà ló ń pín sí méjì.

Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣu ń gbé ní tirẹ̀, kò rí oòrùn. Amyloplast ni plastid inú rẹ̀, aká tó ń tọ́jú sítáàṣì. A kán àyodíìnì sí ẹ̀gbẹ́ kan ègé iṣu yìí; ìdí nìyẹn tí sítáàṣì ojú ibẹ̀ fi dú bí aró.