Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ìdíje Kart àti Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́ Níbẹ̀

Ọkọ̀ kart kò ní sípíríǹgì rárá. Gbogbo gbágungbàgun ojú ọ̀nà ló ń wọ egungun ìhà awakọ̀ lọ tààrà, ìdí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbolẹ̀. Inú ohun tó jọ ohun ìṣeré yìí ni Michael Schumacher, gbajúgbajà awakọ̀ ìdíje ará Jámánì, ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Kerpen, lẹ́bàá Köln, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà ń tún kart ṣe ní pápá ìdíje, ìyá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nídìí oúnjẹ níbẹ̀. Òfin Jámánì nígbà náà ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 14 kó tó gba ìwé àṣẹ ìdíje kart. Schumacher lọ gba ti Luxembourg lọ́mọ ọdún 12. Ọgbọ́n inú nìyẹn! Ní 1984, ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ Jámánì. Ní 1987, ó gba ti àgbà.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Jámánì, ADAC, tó ń ṣètò ìdíje kart, ní ẹ̀ka ní Berlin àti Hamburg. Ṣùgbọ́n ìdíje orílẹ̀-èdè kì í sábà wáyé láàárín ìgboro. Oschersleben, lẹ́bàá Magdeburg, wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ju àsíá létí ọ̀nà, ìfẹ́ eré ló gbé wọn débẹ̀, kì í ṣe owó oṣù. Yẹ́lò: ewu ń bẹ níwájú, má kọjá ẹnikẹ́ni. Pupa: eré dúró. Dúdú: o ti rúfin, kúrò lójú ọ̀nà.

Bí eré bá parí, kò tíì tó àkókò ijó. Orí ìwọ̀n ni awakọ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀ ń gbà lọ. Bí wọ́n bá fúyẹ́ ju bí òfin ṣe wí lọ, ipò kìíní bọ́ nìyẹn, kí òógùn ojú tó gbẹ.