Mọ́remí gbé iná dání ní Ifẹ̀: ojú wo lará Ugbò fi ń wò ó?

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń ti Òkìtìpupa lọ ra ẹja ní Igbókòdá, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ sí í yin ère Mọ́remí o! Ìjà lè bẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ná ẹja tán.

Lọ́dún 2016 ni Ọ̀ọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì ṣí ère yìí ní Ilé-Ifẹ̀. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Ọ̀pọ̀ òpó iná àdúgbò ò tó o ga. Obìnrin tó dúró ṣanṣan ni, ó na iná sókè. Ẹni tó bá ti rí fọ́tò ère New York, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1886, á ní wọ́n jí ti Amẹ́ríkà wò ni. Lóòótọ́, wọ́n jọra. Ṣùgbọ́n iná yàtọ̀ síná. Wọ́n ní ti Amẹ́ríkà ń tanná òmìnira fáyé. Ti Mọ́remí, iná ogun ni.

Ìtàn Ifẹ̀ ni pé àwọn Ugbò a máa fi ìko bora bí iwin, wọn a wá kó èèyàn lẹ́rú. Mọ́remí jẹ́ kí wọ́n mú òun, ọba wọn sì fi í ṣaya. Nígbà tó rí i pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà nínú ìko, ó sá wálé, ó ní kí wọ́n fi ògùṣọ̀ pàdé wọn. Ìko gbiná! Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn ló sì gba Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lọ́wọ́ rẹ̀. Abiyamọ tó bá dúró lábẹ́ ère yẹn lè má tiẹ̀ wo iná rárá. Ọmọ yẹn láá máa rò.

Ugbò tó wà létí òkun Ìlàjẹ ńkọ́? Olúgbò, Ọba Fredrick Akínrùntán, ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn baba Ugbò ló ni Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Àwọn òpìtàn kan náà gbà pé ìjà onílé àti àlejò ló wà nídìí ìtàn yìí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé tó ń padà wá jà, ṣé olè ni? Ìyàwó tó gbọ́ àṣírí ọkọ, tó lọ tú u fún ọ̀tá, kí là á pè é? Ìbéèrè ńlá nìyẹn, ariwo ò sì lè dáhùn ẹ̀.

Àwọn Ìkálẹ̀ ò sí nínú ìjà náà; Bìní lọ̀pọ̀ wọn ní àwọn ti wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, wọ́n sì lána ní Ifẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ìdí ère náà, kí lẹ rí? Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀.