Ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì já lábẹ́ òkun

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀, kò lọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ kóòdù ní ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ ń gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń wá òṣùpá. Iṣẹ́ oníbàárà há sí i lọ́wọ́, owó ilé rẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ yẹn o.

"Àbúrò, ṣé òpó yẹn ló bàjẹ́ ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Inú òkun ni."

Wáyà abẹ́ òkun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú íntánẹ́ẹ̀tì wa wọ Èkó. Lọ́jọ́ yẹn, mẹ́rin ló já nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. MainOne nìkan gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà, láti Portugal dé Èkó. Síbẹ̀, níbi tí òkun ti jìn, irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò ju rọ́ọ̀bà tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò lọ. Gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń sáré gba inú gíláàsì náà, nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ tó bá já, ọkọ̀ ojú omi ló máa lọ fa orí rẹ̀ méjèèjì sókè, kí wọ́n tó fi iná yọ́ gíláàsì náà pọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ò kúkú mọ eré ìmọ́lẹ̀ sá.

Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀nà Àpápá, níbi tí tírélà tò sí. "Àṣé ọ̀nà kan náà ni kọ̀ǹténà àti WhatsApp ń gbà wọlé!"

Ní aago méjì òru, síìmù mìíràn gbé e díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ lọ. Ilẹ̀ mọ́, oníbàárà ò tíì fèsì.