Ṣé o mọ̀? Ẹ̀wọ̀n tí obìnrin ń darí

Obìnrin ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ dá dúró fún àwọn obìnrin nìkan ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1873 ni wọ́n ṣí i ní Indianapolis, wọ́n sì fi Sarah Smith, ọmọ ìjọ Quaker, ṣe olórí. Ṣáájú ìgbà náà, ní ìlú Jeffersonville ní ìpínlẹ̀ yẹn, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan náà ni tọkùnrin tobìnrin wà, àwọn wọ́dà ọkùnrin sì ń na àwọn obìnrin, wọ́n ń fipá bá wọn lò pọ̀. Àtúnṣe ìwà ni wọ́n torí ẹ̀ dá ọgbà tuntun náà sílẹ̀: ẹlẹ́wọ̀n ń ránṣọ, ó ń fọṣọ. Nígbà tó di 1877, obìnrin ni gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, ó sì ku ọdún 43 gbáko kí òfin Amẹ́ríkà tó fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò jákèjádò ilẹ̀ náà.