Lẹ́ńsì Àtijọ́ Lórí Kámẹ́rà Tuntun

Lọ́pọ̀ ilé tí bàbá ti ṣe iṣẹ́ fọ́tò rí, àpótí kan wà tí a kì í ṣí mọ́. Kámẹ́rà onífíìmù ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ á ní kò wúlò, wọn á fẹ́ tà á fún àwọn tí ń ra irin jákujàku. Ẹ ní kí wọ́n dúró ná.

Ojú kámẹ́rà là ń pè ní lẹ́ńsì. Dígí inú rẹ̀ ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sórí fíìmù. Kámẹ́rà òde òní kì í lo fíìmù mọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń gbà. Lẹ́ńsì tó dára ní 1965, bí kò bá bàjẹ́, ó ṣì dára lónìí.

Báwo la ó ṣe so wọ́n pọ̀? Ẹ jẹ́ ká mú Helios 44-2, lẹ́ńsì kan tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Soviet Union. À ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú kámẹ́rà bí ẹni ń dé ìgò. Nínú kámẹ́rà tí wọ́n ṣe é fún, dígí ìwojú kékeré kan wà láàárín lẹ́ńsì àti fíìmù. Nítorí náà, ibi tí lẹ́ńsì jókòó sí jìnnà sí fíìmù tó mìlímítà 45 àti ààbọ̀. Àwọn kámẹ́rà Sony tuntun kò ní dígí ìwojú yẹn. Mìlímítà 18 péré ni tiwọn. Òrùka irin kan, tí wọ́n ń pè ní àdápítọ̀, ló ń dí àyè tó kù. Bí òrùka bá gùn jù, ohun tó wà lọ́nà jíjìn kò ní mọ́ kedere láéláé.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni o. Kámẹ́rà kò ní bá yín wá ojú àwòrán. Ẹ̀yin lẹ ó máa yí lẹ́ńsì títí yóò fi mọ́ kedere. Ọmọ tí ń sáré kò ní dúró dè yín! Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá jókòó jẹ́ẹ́, àwòrán rẹ̀ á wù yín.

Kí ẹ tó ra òrùka, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn lẹ́ńsì náà, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí búrẹ́dì ṣe ń bu lásìkò òjò, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ńsì tó wà níbi ọ̀rinrin ń bu. Ẹ ó rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, á jẹ dígí fúnra rẹ̀, nínù kò sì ní tún un ṣe mọ́. Àpò aláwọ tí wọ́n tà á mọ́ máa ń gba ọ̀rinrin sára. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ lónìí, kí ẹ gbé e síbi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.